Ẹni Tí Ó Kú Lẹ́yìn Ìjì, Ta Ni Ó Pa Á?

Ọ̀rọ̀ òkú ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Àjàṣẹ́, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan kú, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Kí ló pa á?" Bí wọ́n bá ti dá wa lóhùn tán, tí àlejò sì ti lọ, àwọn àgbà á fa ara wọn sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ta ló pa á?" Ìbéèrè méjèèjì jọ ara wọn, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ń wá àrùn, èkejì ń wá ẹ̀dá. A mọ̀ pé idà olójú méjì ni ìbéèrè kejì yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ni ó ti bà lórúkọ jẹ́ ládùúgbò wa, tí wọ́n sì lé kúrò nílé ọmọ bíbí inú wọn. Síbẹ̀ a fẹ́ bi í lónìí lórí ọ̀rọ̀ ìjì àti omíyalé, nítorí a rí i pé ibi tí ó yẹ kí a ti bi í gan-an ni a kì í ti bi í. Bí ìjì bá jà, gbogbo wa á ní ìjì ni. Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú omi tí àwa fúnra wa fojú rí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2010, odò Wémè kún bí a kò ṣe rí i rí. Ẹni tí kò bá mọ odò yìí lè rò pé ọ̀tá ni fún àwọn tí ń gbé etí rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Láti òkè Atacora ní àríwá ni ó ti ń ṣàn bọ̀, odò Òkpárà tí ó gba ìhà Ṣábẹ̀ẹ́ wá ń dà sínú rẹ̀, odò Zou náà ń dà sínú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lókè, tí ó di nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, omi á dé ìsàlẹ̀, á gun orí oko ní Bonou, ní Adjohoun, ní Dangbo, títí dé Aguégués. Àwọn ará ibẹ̀ ń retí rẹ̀ bí ìyàwó ti ń retí ọkọ tí ó lọ sí ìdálẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tí ó bá fi sílẹ̀ ni àgbàdo àti ẹ̀fọ́ wọn fi ń dára. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́ ilé sí. Wọ́n mọ ìwọ̀n omi. Ti ọdún 2010 ni ó kọjá ìwọ̀n.

Kọ́múnù 55 nínú 77 tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni omi dé. Àwọn tí ọ̀ràn náà kàn tó nǹkan bí 680,000 ènìyàn. Iye òkú tí wọ́n kéde ni 46. Ẹ fi ọkàn sí iye yìí o, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Àwa tí ilé wa wà lórí ilẹ̀ gíga ní Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń lọ kó àwọn ènìyàn wa. A rí ewúrẹ́ lórí òrùlé. A rí ìkòkò tí ó léfòó bí igbá, tí ọmọrí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. A bá ọkùnrin kan tí ó ti jókòó sórí àjà ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò gbà láti bá wa lọ, ó ní àwọn olè ń fi ọkọ̀ rìn káàkiri lóru. Omi tí ó yí i ká nígbà náà, inú rẹ̀ ni gbogbo ṣáláńgá abúlé ti tú sí, òun náà ni àwọn ọmọdé sì ń bù mu. Kò pẹ́ tí kọ́lẹ́rà fi yọjú.

Ìyá kan wà nínú àwọn tí a gbé wá. A kò ní dárúkọ wọn. Àkàsà ni wọ́n ń tà kí omi tó dé, ọwọ́ wọn sì mọ́. Ọmọ ọmọ wọn ni ó pọ̀n wọ́n sẹ́yìn wọnú ọkọ̀, omi kò tilẹ̀ kan orúnkún wọn. Inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan ni a fi wọ́n wọ̀ sí pẹ̀lú ìdílé mẹ́rin mìíràn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò ti bá omi lọ pẹ̀lú àpótí aṣọ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, búrẹ́dì pọ̀ débi pé àwọn ọmọdé ń fi ju ara wọn ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gàárì ni ó kù. Nígbà tí ọmọ ilé ìwé fẹ́ wọlé, wọ́n kó gbogbo wọn jáde lọ sábẹ́ àtíbàbà, ọyẹ́ sì ti ń mú. Ikọ́ dé. Ẹsẹ̀ wọn wú. Kí ọdún tó parí, ìyá kú.

Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n rán níṣẹ́ wá, ó gbé ìwé dání, ó ń kọ orúkọ àwọn tí omíyalé pa. Ọmọ ọmọ ìyá yìí lọ bá a. Ó bi í pé, "Ṣé omi ló gbé wọn lọ?" Ó ní rárá. "Ṣé ilé ló wó lù wọ́n?" Ó ní rárá o, abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n kú sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, bùọ̀dá. Ikú Ọlọ́run nìyẹn." Ó dé bírò rẹ̀, ó kọjá sí ẹlòmíràn.

A kò bínú sí ọmọ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó jẹ́, ó sì jẹ́ ẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa kò sì sọ pé irọ́ ni iye 46 yẹn, a kò bá ìwé jà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbéèrè méjì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Omi gbé e lọ, ilé wó lù ú: ṣé ọ̀nà méjì yìí nìkan ni àgbàrá ń gbà pa ènìyàn? Àti gbólóhùn yẹn pàápàá, ikú Ọlọ́run, ó kọ́ wa lẹ́nu láti ọjọ́ náà. Ta ni ó kó ìyá jáde kúrò nínú kíláàsì? Ṣé Ọlọ́run ni?

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní òdìkejì òkun, àwọn kan bi irú ìbéèrè yìí láìdákẹ́ títí wọ́n fi rí ìdáhùn gbà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ mú yín dé Puerto Rico. Ẹ má sọ pé ibẹ̀ jìnnà jù, ẹ gbọ́ ná. Erékùṣù ni, nínú òkun Karibéánì, abẹ́ Amẹ́ríkà ni ó wà láti ọdún 1898, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ní ọdún 2017. Ìjì tí wọ́n ń pè ní huracán níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa tí ń ṣí páànù kí òjò tó dé, tí a sì ti ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Orí òkun gbígbóná ni ó ti ń gba agbára, ó ń yí bí ọlọ, ó lè jà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti so mọ́ra: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì náà, ẹ̀fúùfù òjò tí ń gba orí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá bọ́ sí òkun ni ìpilẹ̀ wọn. Èyí tí wọ́n sọ ní Maria, 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ẹ̀fúùfù tí ó bí i kúrò ní etíkun Áfíríkà. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà ni ó wọ Puerto Rico.

Àárọ̀ 20 oṣù kẹsàn-án ni, láti ìhà ìlú Yabucoa. Ẹ̀fúùfù náà ń sáré ní nǹkan bí kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Ìjì mìíràn tí ń jẹ́ Irma ti gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù náà kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, iná sì ti kú lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí Maria wá tirẹ̀, gbogbo erékùṣù ni iná kú. Òpó wó, afárá já, igi dí ọ̀nà, fóònù kò dún mọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn ṣílẹ̀kùn, àwọn òkè tí ó máa ń tutù yọ̀yọ̀ ti di rúsúrúsú, ewé kò kù lórí igi. Aládùúgbò yọ àdá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fúnra wọn. Ẹni tí ó ní gáàsì díẹ̀, òun ni ó ń se oúnjẹ fún òpópónà kan. Èyí jọ tiwa gan-an.

Mélòó ni ó kú? Ní 3 oṣù kẹwàá, Ààrẹ Donald Trump dé ibẹ̀. Iye tí ó wà nílẹ̀ ní wákàtí náà ni 16. Ó fi wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó ní ìjì Katrina pa ní ọdún 2005, ó sì ní kí àwọn aláṣẹ máa yangàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iye náà ti di 34. Ní oṣù kejìlá ó di 64. Ó dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú òkú mọ̀ pé ilé òkú kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn lọ bá wọn, wọ́n ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá kò yà wá lẹ́nu, àwa tí a mọ ìyá alákàsà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ tí ó ń gbà gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Iná kò sí, firíìjì ti di àpótí lásán. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, bí epo bá tán nínú ẹ̀rọ amúnáwá, èémí náà tán nìyẹn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ni ó gbọ́dọ̀ máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà mélòó kan lọ́sẹ̀. Ní Vieques, erékùṣù kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, ìjì ba ilé ìwòsàn jẹ́, bàlúù ni irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lọ sí erékùṣù ńlá kí wọ́n tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ fojú inú wo arúgbó tí ń wọ bàlúù lemọ́lemọ́ nítorí àtiwà láàyè. Iná kò sì tètè dé. Ó tó oṣù mọ́kànlá, ìyẹn oṣù kẹjọ ọdún 2018, kí ilé tí ó kẹ́yìn tó rí i padà.

Dókítà tí ń kọ ìwé ikú ńkọ́? Wọn kò kọ́ ọ bí a ti ń kọ ikú tí ó ti ara ìjì wá. Ọkàn dáwọ́ dúró, ó kọ ọkàn. Ṣúgà pa á, ó kọ ṣúgà. Irọ́ kọ́ ni ó kọ, "kí" ni ó dáhùn. Wọn kò bi í ní "ta".

Ní 1 oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní San Juan, olú ìlú wọn. Bàtà àwọn òkú wọn ni. Bàtà àgbà wà níbẹ̀, tọmọdé wà níbẹ̀, wọ́n tò ó sórí òkúta títí ó fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà púpọ̀. Wọn kò sọ̀kò, wọn kò jó ilé. Bí ìjọba bá ní àwọn òkú wọ̀nyí kò sí nínú ìwé, kí ó wá gba àárín bàtà wọn kọjá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Yunifásítì George Washington, tí ìjọba Puerto Rico fúnra rẹ̀ bẹ̀ níṣẹ́, gbé ìṣirò jáde. Iye tí wọ́n mú wá ni 2,975. Gómìnà gbà á, ó sì di iye tí ìjọba kọ sílẹ̀. Láti 64 sí 2,975! Ẹ̀yin ará, ìjì kan náà ni o. Ẹ̀fúùfù kò padà wá pa ẹnikẹ́ni kún un láàárín. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kà ni ó yí padà.

Báwo ni wọ́n ṣe kà á? Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe é. Bí alákàsà bá mọ̀ pé lóṣù yìí, lọ́dọọdún, 200 àkàsà ni òun ń tà lọ́jọ́ ọjà, tí ó wá ta 300 ní ọjọ́ kan, kò dìgbà tí ó bá mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ra 100 tí ó lé kí ó tó mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n wo iye ènìyàn tí ó máa ń kú ní irú oṣù bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún tí ó ti kọjá, wọ́n yọ àwọn tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà kúrò nínú ìṣirò, wọ́n wá wo iye tí ó kú láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 títí dé ìparí oṣù kejì ọdún 2018. Èyí tí ó lé ni 2,975. Nítorí náà ẹni tí ń sọ pé, "Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ì bá ti kú náà," wọ́n ti dá a lóhùn. Wọ́n ti yọ àwọn tí ì bá ti kú kúrò. Àwọn tí kò yẹ kí ó kú ni a ń wí.

Àbùkù kan wà lára irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, a kò ní fi pamọ́. Ó mọ iye, kò mọ orúkọ. Kò lè nàka sí ẹnì kan kí ó ní, "Ìwọ ni." Ní ti bàtà, orúkọ ni ó mọ̀, kò mọ iye. Lójú tiwa, àwọn ará ibẹ̀ kì bá tí rí òtítọ́ gbà bí kò bá sí méjèèjì.

Ẹnì kan nínú yín lè ní, "Alàgbà, ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?" Òótọ́ ni. Àwọn bàbá wa kò fẹ́ kí a máa nàka sí ọmọ ọlọ́mọ, kí a ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹni tí a bá ń kà bí ẹran, bí ọ̀kan bá sọnù nínú rẹ̀, a ó ní ó ku mẹ́rin. Ìyá ọmọ kì í ní ó ku mẹ́rin. Orúkọ èyí tí ó sọnù ni yóò máa pè. Èèwọ̀ náà, kí ènìyàn má ba à di nọ́ńbà lásán ni. Bí ìjọba bá wá sọ pé òkú 64, tí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìkà, kì í ṣe èèwọ̀ ni ó ń pa mọ́. Ó ti kà, ó wá yọ tèmi àti tìrẹ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí "ta". Nígbà tí ó jẹ́ 64, ẹ̀fúùfù ni apànìyàn, a kì í sì í pe ẹ̀fúùfù lẹ́jọ́. Nígbà tí ó di 2,975, ẹ̀fúùfù nìkan kò lè ru ẹrù náà mọ́. Ìṣirò kan náà fi hàn pé àwọn tí ń gbé ní agbègbè tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, ewu ikú tiwọn fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ju tẹlẹ̀ lọ, àti pé àwọn ọkùnrin tí ó ti lé ní 65 ọdún ṣì wà nínú ewu náà títí dé ìparí oṣù mẹ́fà. Ìjì kì í béèrè owó oṣù kí ó tó ṣí òrùlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá, tí ó ní ọmọ ní Florida tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, sùn láyọ̀. Èyí tí kò ní, ń wo ọ̀nà.

Ohun tí ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, a gbọ́ ọ, a mirí. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilẹ̀ mì tìtì ní ìhà gúúsù Puerto Rico. Bí àwọn ènìyàn ti ń wá omi àti ibùsùn kiri, wọ́n bá ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìlú Ponce. Ó kún fún omi inú ìgò, bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́kàká àti nǹkan ọmọdé tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Maria. Ó ti lé ní ọdún méjì. Gómìnà lé ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bóyá ọ̀lẹ ni, bóyá ìgbàgbé ni, bóyá ìwé tí ẹnì kan kò fọwọ́ sí ni, a kò dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Irú "ta" tí a ń wí nìyí. Kì í ṣe "ta" tí a fi ń wọ ilé opó lọ lóru láti lọ pè é ní àjẹ́. Ìyẹn rọrùn jù, ẹni tí kò lágbára ni ó máa ń bá. "Ta" tiwa ń béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A mọ ìdáhùn tí àwọn kan nínú wa yóò fọ̀: ọjọ́ ló pé. Kò sí ẹni tí ó ń kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé. A kò bá wọn jiyàn lórí ohun tí ó wà lọ́wọ́ Olódùmarè. Ohun tí a kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde lẹ́nu ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí ọmọ wa bá ń gbóná lóru, a kì í jókòó ka ọjọ́. A ó pe ọlọ́kadà, a ó ta ewúrẹ́, a ó gba ẹnu ọ̀nà dókítà kàn. Ọmọ ẹlòmíràn ni a máa ń fi ọjọ́ tù nínú. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́, kí ó sì tún jẹ́ ọ̀nà àtisá.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ni ó fa ìjì. Lórí èyí a kò ní pẹ́. Àwọn 18 kan wà nínú Lúùkù orí kẹtàlá tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Olúwa bi àwọn tí ń gbọ́ ọ bóyá wọ́n rò pé àwọn yẹn jẹ̀bi ju àwọn yòókù lọ, ó sì ní rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kí ó lọ kà á.

Èyí tí ó dùn wá jù kì í ṣe ti ìjọba, tiwa ni, àwa aládùúgbò. Ìrànlọ́wọ́ máa ń bá omi wá, ó sì máa ń bá omi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo ojú ń wò, ọkọ̀ ń wá, a ń ya fọ́tò, búrẹ́dì ń ṣe bí òjò. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí a tún ń rí ojú ọ̀nà, a ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ẹni tí ilé rẹ̀ wó ń bẹ̀rẹ̀ ìyà. Irè oko ti bá omi lọ, irúgbìn tí ó yẹ kí ó gbìn ni ó ti jẹ, kànga ti bàjẹ́, efọn ti pa ẹyin sínú gbogbo kòtò. Ìyá alákàsà kò kú ní ọ̀sẹ̀ búrẹ́dì. Bí ó bá jẹ́ pé a pín búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn sí oṣù mẹ́ta, tí a mú owó ìdajì rẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti bùláńkẹ́ẹ̀tì... Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀.

Nítorí náà ni ìwé kan fi wà lọ́wọ́ wa láti ọdún náà. Ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Wémè bá ti kún kọjá ìwọ̀n, akọ̀wé á kọ ọjọ́ sí orí ojú ewé. Gbogbo ẹni tí ó bá kú láti ọjọ́ náà lọ nínú àwọn tí omi lé kúrò nílé, á kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó kú sí. Lẹ́yìn náà á kọ ohun tí ó ṣe é, àti ohun tí kò ní nígbà tí ó ń kú. Ìlà ìkẹyìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Ní ojú ewé kìíní, níwájú orúkọ ìyá alákàsà, ohun tí ọmọ ọmọ wọn ní kí a kọ ni: oògùn, ibi gbígbẹ.

Ibi tí a kò tíì fẹnu kò sí ni ìgbà tí ó yẹ kí a pa ìwé náà dé. Oṣù mẹ́fà ni àwọn ará Puerto Rico lò. Alàgbà kan láàárín wa ní oṣù mẹ́ta ti tó, pé bí a bá pẹ́ jù, gbogbo ikú inú ayé ni a ó fi ṣe ti omi, ẹni tí ó gbé gàárì wá ni yóò sì wá di ẹni tí a ń bi léèrè, kò sì ní wá mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òmíràn ní kí a má pa á dé rárá. Ẹni tí ó fa àríyànjiyàn náà ni apẹja kan láti Aguégués, tí àwọ̀n àti ọkọ̀ rẹ̀ bá omi lọ ní ọdún 2010. Kò rí owó rà òmíràn. Ó lọ ń ti ọmọlanke lọ́jà ní Kútọnu, ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù kẹrìnlá. Ìyàwó rẹ̀ ní omi ni ó pa á. Àwọn kan ní ọmọlanke ni. Akọ̀wé fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kí a lè pa á rẹ́ bí ìpàdé bá pinnu bẹ́ẹ̀. A ti pàdé lórí rẹ̀ nígbà púpọ̀, kò sì tíì sí ẹni tí ó pa á rẹ́.